Màmá Jẹun-Ná

Màmá mi àgbà jẹun kó tó kú. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí bí mo bá ti ibòmíràn bẹ̀rẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò ní n kò mọ ìyá tí mò ń sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó mu ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú àkàrà, ó ní kí wọ́n fi àkàrà kan sí i, ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ọwọ́, ó sì ní òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ lórí àga. Nígbà tí Àǹtí Bọ́lá tó ń bá a gbé padà wá kó abọ́, Màmá ti lọ. Ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tó yó. Àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ń sunkún, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín: ikú gan-an dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ìyá náà jẹun ná!

"Jẹun ná" ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Bó o bá mú ìròyìn ayọ̀ wá, jẹun ná. Bó o bá wá fẹjọ́ sùn, jẹun ná. Tọkọtaya kan gbé ìjà wá bá a lọ́jọ́ kan, wọ́n ti pariwo títí ohùn wọn fi há. Ó gbé àsáró síwájú wọn nínú abọ́ kan ṣoṣo, ó sì kọ̀ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu wọn títí abọ́ fi ṣófo. Kí wọ́n tó jẹ ẹ́ tán, ìyàwó ti ń bá ọkọ yọ eegun ẹja. Àwọn ọmọdé Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló sọ ọ́ ní Màmá Jẹun-Ná, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí wọ́n sọ ọ́ nígbà ìkómọ lọ.

Ibi tó ti gba orúkọ náà ni à ń pè ní Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ọ̀yọ́ ló wà. Ẹ má retí ilé ńlá. Kíláàsì méjì tí a fi pákó kàn ni, pẹ̀lú ilé ìdáná tí kò ní ju òpó mẹ́rin àti páànù lọ, àti igi máńgòrò kan tí àwọn ọmọ ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ bí kíláàsì bá kún. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lágbára láti rán nílé ìwé, ọmọ tó ń kiri omi inú ọ̀rá, ọmọ tí kò ní bàtà tí yóò wọ̀ lọ sílé ìwé, gbogbo wọn ló ń wá síbẹ̀ láti Mọ́ńdè dé Fráídè. Wọ́n ń kọ́ ìwé, wọ́n ń kọ́ ìṣirò, wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, wọ́n sì ń jẹun. Màmá ló dá a sílẹ̀ nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ìjọ sì gbà á tọ́jú. Inú mi máa ń dùn ṣìnkìn bí mo bá pàdé àwọn tó ti ibẹ̀ dé yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rántí, oúnjẹ ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ kí wọ́n tó kan A, B, D.

Ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ pa dé lọ́jọ́ kejì tí Màmá lọ. Ọmọ rẹ̀ gan-an ló sì sọ ọ́! Bàbá Díákónì ni gbogbo wa ń pè é, ẹ̀gbọ́n màmá mi ni, òun ni àkọ́bí Màmá, òun sì tún ni alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn fẹ́ kí ohun gbogbo máa lọ létòlétò ni. A jókòó ní pálọ̀ Màmá, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "A ó pa iná ilé ìdáná yẹn lọ́sẹ̀ ìsìnkú. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó wo ohun tí Olúwa bá wí."

A mọ ohun tí "a ó wo ohun tí Olúwa bá wí" túmọ̀ sí lẹ́nu ìgbìmọ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀, ó ti sùn nìyẹn. Àǹtí Bọ́lá, tó jẹ́ olórí àwọn alásè, wò mí, èmi náà wò ó.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà," mo ní, "àwọn ọmọ ńkọ́? Kí ni wọ́n máa jẹ?"

"Àjọkẹ́, ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wá. Àwọn náà á gbọ́ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wá."

Àgbà ni, mi ò bá a jiyàn. Àwọn ọmọ tí kò mọ ibi tí ọ̀sán yóò ti yọ sí wọn ni yóò wá máa bá wa ṣọ̀fọ̀ pẹ̀lú inú òfo? Màmá ì bá ti fi gèlè na ẹnìkan nínú wa.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Màmá, ọmọ Ajílété pọ́nńbélé, inú ilé Onítẹ̀bọmi ni wọ́n sì bí i sí. Ọkọ ló gbé e wá sí Ọ̀yọ́, ó sì dàgbà ó darúgbó síbẹ̀, síbẹ̀síbẹ̀ kò gbà láé pé òun di ará Ọ̀yọ́. Ìkíni Ọ̀yọ́ ló máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Bí àwọn ìyá ìjọ bá ti kúnlẹ̀ tí wọ́n ń kí ara wọn, ẹ kú ìjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àìrójú, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ kú ewu ọ̀nà, yóò dúró tì wọ́n pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. "Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́," yóò ní, "ẹ máa kí ènìyàn títí ebi á fi pa á kú."

Bí Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì ṣe bẹ̀rẹ̀ kò ní ọlá kankan nínú. Màmá ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé kíkà lábẹ́ máńgòrò lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, rúlà wà lọ́wọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn tíṣà àtijọ́. Ọmọkùnrin kan ń tòògbé. Ó pariwo mọ́ ọn, ọmọ náà la ojú, ó ní, "Ẹ má bínú mà, ìwé yẹn ló ń yí." Màmá gbé rúlà sókè, ó tún gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan inú ọmọ náà, ikùn ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ó rán ènìyàn lọ sílé kíá, pé kí wọ́n gbé gbogbo oúnjẹ ọ̀sán wá, títí kan ti bàbá mi àgbà. Bàbá dé ilé, ó bá ìkòkò lófìfo, ó sì fi gaàrí panu. Ó máa ń sọ ọ́ fún wa tẹ̀ríntẹ̀rín nígbà ayé rẹ̀ pé òun lòún kọ́kọ́ san owó ilé ìwé yẹn. Ohun tí Màmá sọ lábẹ́ igi lọ́jọ́ náà ni wọ́n wá kọ sára pátákó kíláàsì: "Ẹ pa ìwé dé. Bí ebi bá wọ inú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́."

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ òtítọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ lórí pẹpẹ: Màmá Jẹun-Ná kò mọ oúnjẹ sè! Ìyá tó bọ́ ọmọ àdúgbò! Bàbá àgbà ló máa ń se ọbẹ̀ nílé wọn, gbogbo wa la mọ̀, ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́ níta. Kì í ṣe pé kò mọ ohun tó yẹ kó fi sí i. Kò lè dúró ti iná ni. Yóò gbé ìkòkò kaná, yóò rí ọmọ kan tó ń kọ lẹ́tà sódì, yóò lọ tún un kọ, yóò bá ìyá ọmọ náà sọ̀rọ̀, yóò kọrin kan, orin náà yóò sì gun ju bó ṣe yẹ lọ. Èéfín ni yóò pè é padà. Mi ò gbọ́ ọ rí kí ó bẹ ẹnikẹ́ni nítorí pé oúnjẹ jó. Yóò ha á sínú abọ́ wa, yóò ní, "Oúnjẹ tó bá jóná, ó ti jinná dájú."

Ọ̀rọ̀ ẹran ló dá ìjà tó tóbi jù sílẹ̀ láàárín òun àti Àǹtí Bọ́lá. Ẹ mọ bó ṣe rí nílé wa. Ẹran àgbà ni ẹran, ọmọdé a máa fi omi ọbẹ̀ jẹun, a ó sì sọ fún un pé kó dúró kó dàgbà. Ní Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá ní ẹran ni kí wọ́n kọ́kọ́ bù, kí ẹni tó kéré jù lọ láàárín àwọn ọmọ ṣáájú lórí ìlà, kó sì mú èyí tó tóbi jù. Àwọn tíṣà àti àwọn alásè ni yóò kẹ́yìn. Àǹtí Bọ́lá kò lè gbé e mì.

"Màmá, ẹ má bínú mà. Ẹran ló ń sọ ọmọ di olè."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn mà."

"Wọ́n purọ́ fún ọ, kí ẹran lè kù fún wọn ni. Ọmọ tí kò rí i jẹ ló ń jí i."

Àǹtí Bọ́lá fi odidi ọ̀sẹ̀ kan fajú ro. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó lónìí, bí ọmọ ńlá kan bá ṣáájú ọmọ kékeré lórí ìlà, òun gan-an ló ń fi ṣíbí lé e padà.

Àwọn ọmọ mùsùlùmí pọ̀ láàárín wọn, èyí kò sì da Màmá láàmú rárá. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan ki ọwọ́ bọ oúnjẹ, ó ní "Bísímílà." Tíṣà tuntun kan, tí ìgbàgbọ́ ṣì ń gbóná lára rẹ̀, fẹ́ bá a wí pé inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì nìyí. Màmá ń gbọ́ láti ọ̀ọ́kán. "Ó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó ni oúnjẹ," ó ní. "Ìwọ ńkọ́, o ti dúpẹ́? Bu tìẹ kó o jókòó."

Ẹ má rò pé áńgẹ́lì ni mò ń júwe. Alágídí ni. Bí ìwàásù bá gùn, yóò sùn, bí a bá jí i, yóò ní òun ń ṣe àṣàrò ni. Kì í tọrọ àforíjì, ẹyin sísè ló fi ń ṣe é: bó bá ṣẹ̀ ọ́ lánàá, o ó bá ẹyin kan lábẹ́ ìrẹsì rẹ lónìí, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ṣe tí mi ò lè sọ láìdìde nídìí àga. Ọjọ́ ààwẹ̀ ni.

Ní ọdún náà, àwọn tó ń kó oúnjẹ ránṣẹ́ sí wa dáwọ́ dúró, àpò ẹ̀wà tó kù ní ilé ìdáná kò sì ní pẹ́ẹ́ tán. Ìgbìmọ̀ pàdé, Bàbá Díákónì sì kéde ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, kí Olúwa lè ṣílẹ̀kùn fún oúnjẹ àwọn ọmọ. Gbogbo òṣìṣẹ́ ni yóò gbà á, títí kan àwọn alásè. Nígbà tí alásè bá ń gbààwẹ̀, ta ni yóò dáná? Wọ́n bá pa iná. Ẹ sì wò ó o: à ń gbààwẹ̀ kí àwọn ọmọ lè rí oúnjẹ jẹ, ààwẹ̀ náà ni kò sì jẹ́ kí wọ́n rí oúnjẹ jẹ! Kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wa tó rí i. Àdúrà la gbájú mọ́.

Màmá gba ti ọjọ́ kìíní. Ó jókòó sẹ́nu géètì, ó ń wo àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń gbé abọ́ wọn dé, tí wọ́n ń yí padà. Ní ọjọ́ kejì, gbogbo wa wà nínú yàrá àdúrà, èmi náà wà níbẹ̀ nínú yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé mi, a ń ké hallelúyà, ni òórùn àlùbọ́sà inú epo pupa bá gba ojú fèrèsé wọlé. Áà! Àmín kọ́kọ́ rọlẹ̀ níwájú, ó rọlẹ̀ láàárín, kò pẹ́ kò kù ju ti Pásítọ̀ nìkan lọ. Ikùn ẹnìkan dún lẹ́yìn mi. Màmá ti gbé ààrò kalẹ̀ sábẹ́ fèrèsé wa gan-an, ó ti ká ìró rẹ̀ sókè, òun nìkan ló ń dáná. Nígbà tó sì jẹ́ pé òun ló ń dáná, òórùn dídùn náà kò pẹ́ tó fi di èéfín.

Bàbá Díákónì jáde nínú aṣọ funfun tó wọ̀ fún ààwẹ̀. Gbogbo wa tẹ̀ lé e.

"Màmá! A wà nínú ààwẹ̀ mà!"

Màmá kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ń bu ẹ̀wà fún àwọn ọmọ tó tò sórí ìlà, ẹni kékeré níwájú. "Àlàó," ó fi oríkì pe ọmọ rẹ̀, "ẹ máa gba ààwẹ̀ yín lọ. Àwọn ọmọ yìí ti gba tiwọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀."

Àwọn ọmọ náà kò mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀wà jíjó ni wọ́n ń jẹ, wọ́n ń lá ọwọ́. Màmá wá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "O ò tíì wá bá mi gbé ìkòkò yìí sọ̀ kalẹ̀? Ṣé o ò rí i pé ó ń jóná ni?" Bàbá Díákónì, alága ìgbìmọ̀, bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìkòkò sọ̀ kalẹ̀, èédú sì kun àyà aṣọ funfun náà láti òkè délẹ̀. Wọ́n fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́, kò lọ. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹnìkan já àpò ẹ̀wà àti ìrẹsì sẹ́nu géètì wa. Ìgbìmọ̀ ní ààwẹ̀ ló ṣe é. Màmá ní irọ́ ni. "Òórùn ẹ̀wà mi ni Ọlọ́run gbọ́."

Ẹ wá rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nígbà tí ọmọ tó gbé ìkòkò yẹn sọ̀ kalẹ̀ wá ní ká pa iná. Lọ́sẹ̀ ìsìnkú, ó ti àwọn ìkòkò mọ́nú yàrá, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Láràárọ̀ ni àwọn ọmọ sì ń wá. Mo rí Múínà, tó kéré jù nínú wọn, tó gbé abọ́ rẹ̀ dé orí bí fìlà, tó dúró lẹ́nu géètì tó ń wo ibi tí èéfín ti máa ń yọ. Mo lọ bá Àǹtí Bọ́lá. Ìkòkò tí Màmá fi bẹ̀rẹ̀ wà nílé rẹ̀ nínú kọ̀rọ̀, kọ́kọ́rọ́ kankan kò sì dè é.

Ètò ọjọ́ Fráídè ni pé ọkọ̀ tó gbé Màmá yóò yà ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ìsìn ìdágbére ráńpẹ́, kó tó gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn ẹbí ti ń retí wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì. Ojúmọ́ kò tíì mọ́ tán tí a fi dáná sábẹ́ máńgòrò. Ẹ̀wà la gbé kaná, a kó ẹran sí i, kí ni à bá tún sè? Bí agogo ìsìn ṣe lù, wọ́n wá pe gbogbo ẹbí àti òṣìṣẹ́ wọlé, a sì sáré wọlé, èmi àti Àǹtí Bọ́lá, kí ẹnikẹ́ni má baà wá wa dé ẹ̀yìn.

Bàbá Díákónì dìde nínú agbádá funfun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ìgbésí ayé Màmá nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó dé ibi tó ti ní, "Ó jẹ́ ìyá fún ọ̀pọ̀ ọmọ tí kì í ṣe..." ó sì dákẹ́. Imú rẹ̀ gbé sókè. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn náà gbé imú sókè. Mo di bẹ́ǹṣì mú, mo ní ó parí fún wa lónìí.

"Bọ́lá!" ó pariwo nínú ẹ̀rọ náà.

"Sà!"

"Ẹ̀wà yín ń jóná!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín! Níbi òkú! Bàbá Díákónì ti sọ̀ kalẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ pósí Màmá kọjá, ó ń yára bí ọ̀dọ́mọkùnrin, a sì ń sáré tẹ̀ lé e. Ó fi etí agbádá di ìkòkò mú, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó nàró, èédú ti kun àyà rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ó wo ara rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Bàbá tí kò sunkún láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú bá bú sẹ́kún gbẹ̀ẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà kò sì mọ èyí tí mò ń ṣe nínú méjèèjì.

Pásítọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. "Díákónì, ìsìn ńkọ́? Ògbómọ̀ṣọ́ ń retí wa sà."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun ná," ni ọmọ Màmá wí. "Màmá á dúró."

Màmá sì dúró. Múínà ló ṣáájú, òun ló mú ẹran tó tóbi jù. Bàbá Díákónì gbé abọ́, ó fẹ́ bọ́ sórí ìlà láàárín, Múínà sì fi ọwọ́ tó kún fún epo júwe ẹ̀yìn fún un. "Bàbá, ẹ̀yìn lẹ máa wà. Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù." Ó lọ sẹ́yìn. Nígbà tó kàn án, ìdí ìkòkò ló kù. Ó tọ́ ọ wò.

"Àjọkẹ́, ó jóná o."

"Ó ti jinná dájú nìyẹn sà," mo ní.

Ó jẹ ẹ́ tán. Ó wá ki ọwọ́ sápò, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó fi í lé Àǹtí Bọ́lá lọ́wọ́. Kò mẹ́nu kan ohun tí Olúwa bá wí.

A pẹ́ kí a tó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ẹbí ti dúró nínú oòrùn títí ojú wọn fi korò, àwọn àgbà ń bínú, àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ ti fi ọwọ́ lẹ́rán. Bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣe ṣí, ìyá arúgbó kan tó jẹ́ àbúrò Màmá ti ń jà: "Kí ló dá yín dúró? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé òkú ló wà lọ́wọ́ yín ni?"

Bàbá Díákónì sọ̀ kalẹ̀ nínú agbádá tó kún fún èédú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú mà," ó ní. "Màmá ní ká jẹun ná."